Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Pásítọ̀ Kò Ní Wàásù

Ẹ̀yin àgbà òjíṣẹ́, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọ tí ọmọ yín sì kéré, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún wa lónìí rọrùn lẹ́nu, ó sì nira láti ṣe: kí pásítọ̀ kó aya àti ọmọ rẹ̀ kúrò nílé fún òru méjì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n padà dé, kí ìjọ má sì tú ká. N ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí ẹ lọ ṣe é, torí náà ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, oúnjẹ, fóònù àti owó epo. Ohun tó ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Fóònù kan tí a kò pa ni, tàbí ọbẹ̀ tí ìyá ń dáná rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù wà nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká gba inú Ẹ́kísódù orí 18 wọlé. Gbogbo wa la ti wàásù ìmọ̀ràn tí Jẹ́tírò gba Mósè, ọkọ ọmọ rẹ̀: yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, olórí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 13 la máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sí ẹsẹ 2. Mósè ti dá Sípórà aya rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin méjèèjì, Gẹ́ṣómù àti Élíésérì. Jẹ́tírò ló kó wọn tọ̀ ọ́ wá nínú aginjù. Àna rẹ̀ kò tíì sọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́, aya àti ọmọ ló kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́. Ẹ wá wo bí ẹsẹ 13 ṣe bẹ̀rẹ̀: ní ọjọ́ kejì ni Mósè jókòó láti máa ṣe ìdájọ́ àwọn ènìyàn, àwọn ènìyàn sì dúró tì í láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Aya dé lánàá, ọmọ méjì dé lánàá, ilẹ̀ mọ́, bàbá ti wà lórí àga títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí Jẹ́tírò rí nìyẹn kó tó ní, "Ohun tí o ń ṣe yìí kò dára." Ẹni tó bá wàásù ìmọ̀ràn náà láìka ẹsẹ 2 sí 6 ti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú ìjọ tiwa, ọmọ pásítọ̀ lè lo ọdún mẹ́wàá lábẹ́ ìwàásù bàbá rẹ̀ kó má tíì jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú ìsìn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀ọ́kán ló ti ń wo ojú bàbá. Kò mọ bí bàbá ṣe ń kọrin nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá bàbá máa ń ṣí Bíbélì tẹ̀lé e nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wàásù. Ó mọ oníwàásù dáadáa. Kò tíì rí olùjọsìn. Mo ka èyí sí ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ilé òjíṣẹ́, òun náà ló sì jẹ́ kí n gbà pé ìrìn-àjò yìí gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan nínú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti máa ń lọ ní ọjọ́ Ajé kí ẹ sì dé ní Ọjọ́rú, kí ìjọ má baà mọ̀ lára. Ara lè sinmi bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn kò ní jiná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe ìsinmi kúrò. Orí òkè kì í ṣe ìsinmi. Òkè àdúrà ní ìtàn ńlá nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ ìsọjí ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 lábẹ́ iṣẹ́ ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ààwẹ̀ àti àdúrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni pásítọ̀ ń bá lọ sórí òkè, ẹrù ìjọ ló ń gbé gun ibẹ̀, kò sì sí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí í sinmi níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀. Àpéjọ ọdọọdún ìjọ náà kì í ṣe ìsinmi, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ló kún ibẹ̀. Lílọ sí ìlú bàbá ẹni sì ni ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù. Kí mọ́tò tó dúró tán, ìbátan ti tò sílẹ̀: èyí fẹ́ àdúrà, èyí fẹ́ owó oògùn, èyí fẹ́ kí ẹ bá òun parí ìjà ilẹ̀. Ó tọ́ ká máa lọ kí àwọn òbí wa. Kí a má kàn pè é ní ìsinmi ìyàwó wa.

Ọjọ́ wo ni kí a mú? Òpin ọ̀sẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ọjọ́ ọjà tiwa: ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Àbámẹ́ta, ìsìn ní Àìkú. Nítorí náà a kì í rí àyè; a máa ń gé e jáde ni. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, pẹ̀lú déètì. Ẹ yọ Àìkú àkọ́kọ́ lóṣù kúrò, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí wọ́n sì ń ṣe ìdúpẹ́ níbẹ̀. Ẹ yẹra fún oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, àsìkò òkú àti ìyàwó. Ìsinmi àárín sáà ilé-ìwé dára púpọ̀. Ẹni tó bá sì ń ti Èkó jáde, kó sá fún òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí ìsìn òru tí Ìjọ Ìràpadà sábà máa ń ṣe nígbà náà ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ lè dúró sójú kan fún wákàtí mélòó kan, ọmọ á sì ti sọkún tán kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀.

Fífa iṣẹ́ ìjọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló gba ọgbọ́n jù nínú ètò náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ alàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ẹ ti yan ẹni tí yóò wàásù, ẹ sì fún un ní ẹsẹ Bíbélì tàbí kí ẹ jẹ́ kó yan tirẹ̀. Ẹ má yan ẹni tí ẹ ó máa pè láti bi í pé kí ló sọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sọ fún ìjọ láti orí àga ìwàásù, kedere: "Èmi àti ìdílé mi ń lọ sinmi." Ẹ má sọ pé iṣẹ́ Olúwa pè yín síbì kan. Àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá ní láti fi irọ́ díẹ̀ ra ọjọ́ mẹ́ta fún wọn, wọ́n á mọ iye tí wọ́n jẹ́ lójú ìjọ, wọ́n á sì mọ ohun tí irọ́ jẹ́ lójú bàbá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ènìyàn mẹ́ta, kì í ṣe ẹnì kan. Ọ̀kan fún aláìsàn, ọ̀kan fún òfò, ọ̀kan fún ilé ìjọ àti owó. Ẹ kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà wọn sára ìwé kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ìdí tí mo fi ní mẹ́ta ni pé tí gbogbo ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ̀rù á bà á ní alẹ́ Àbámẹ́ta, á sì pè yín. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tó lè mú kí wọ́n pe pásítọ̀. Mẹ́ta péré ni mo mọ̀: ẹni tó kú, ẹni tí dókítà sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, àti ewu tó bá ilé ìjọ fúnra rẹ̀, bí iná tàbí olè. Jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀, àwọn akọrin tó ń jà, tọkọtaya tó bínú kúrò nílé, gbogbo ìyẹn lè dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tọkọtaya wọ̀nyẹn gan-an, oorun ọjọ́ méjì lè ti là wọ́n kí ẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ fóònù. Nínú Máàkù orí 6, Jésù ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá sí ibi aṣálẹ̀ kí wọ́n sinmi díẹ̀, nítorí àwọn tó ń wá àti àwọn tó ń lọ pọ̀ débi pé wọn kò ráyè jẹun. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn èrò fi ẹsẹ̀ sáré gba etí omi, wọ́n sì ṣáájú wọn dé. Lóde òní, èrò kò nílò ẹsẹ̀ mọ́. Inú àpò ṣòkòtò ni wọ́n ń gbà ṣáájú wa dé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: kí pásítọ̀ fi fóònù ńlá tó ní Wásáàpù sínú àpótí nílé, kó mú fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kan dání tí àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi fóònù ńlá sílẹ̀, kó tàn án lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, agogo 7 òwúrọ̀ àti agogo 6 ìrọ̀lẹ́, fún ogún ìṣẹ́jú. Fóònù ìyá ìjọ ńkọ́? Níbẹ̀ ni ètò ti máa ń tú. Bí wọn kò bá rí pásítọ̀, màmá ni wọ́n ń pè, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ kàn fún bàbá ní ìṣẹ́jú kan." Òfin kan náà ni kó de fóònù méjèèjì.

Ẹ sì ṣàkíyèsí bí Máàkù 6 ṣe parí, nítorí ìsinmi ọjọ́ yẹn bàjẹ́ pátápátá. Jésù ṣàánú àwọn èrò, ó kọ́ wọn, ó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ní kété tí oúnjẹ parí, ó mú kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ ọkọ̀ lọ, ó tú àwọn ènìyàn ká, ó sì gun orí òkè lọ gbàdúrà lóun nìkan. Kò sọ pé, "Ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́ lọ." Tí òkú bá wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tí ẹ ní láti padà ní Àbámẹ́ta, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ ni kí ẹ ti mú déètì mìíràn, kí àwọn ọmọ gbọ́ déètì náà létí wọn.

Ní ti owó, ìjọ ló yẹ kó fi sínú ètò ìnáwó ọdún, bí ó ti ń fi owó epo àti owó iná síbẹ̀. Bí ìjọ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kí tọkọtaya máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́wàá: mẹ́rin fún ilé tí ẹ ó sùn, mẹ́ta fún epo àti ọkọ̀, méjì fún oúnjẹ, ọ̀kan kí ẹ má fọwọ́ kàn án àfi bí táyà bá bẹ́ tàbí ọmọ ṣàìsàn. Ẹ má yá owó. Mo sì gbà yín níyànjú gidigidi pé kí ẹ má gba ilé ìgbafẹ́ ọmọ ìjọ kan ṣoṣo tó lówó, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ dára tó. Ọjọ́ tí ẹ bá ní láti bá a wí, ibùsùn tí ẹ sùn lé á dìde dúró láàárín yín.

Ibi tí a ó lọ kò gbọ́dọ̀ jìn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú Ìkògòsì ní Èkìtì bí àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu. Omi gbígbóná àti omi tútù ló ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n sì ń ṣàn wá pàdé, ọmọ lè na ẹsẹ̀ kan sínú èyí kó na ìkejì sínú èyí. Àwọn Onítẹ̀bọmi, nípasẹ̀ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà John McGee, ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó ìpàgọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ilé ìgbafẹ́ tí a mọ̀ lónìí ti jẹ́ ibi àdúrà àti ìsinmi rí. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ bọ̀ yóò gba Iléṣà. Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Babalọlá sí ní 1959, kò jìnnà síbẹ̀, ọmọ tó ń béèrè ìbéèrè yóò rí ohun béèrè. Omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà náà wà ní agbègbè yẹn. Ìpele méje ni omi yẹn; ẹni tó bá mú ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá dání kó dúró ní ìpele àkọ́kọ́, kó sì má gun rárá lásìkò òjò, nítorí òkúta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ pè kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé iná wà lóru, ṣé omi ń yọ nínú bálùwẹ̀, ṣé wọ́n ń ṣe àríyá níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìkẹta yẹn ni a máa ń gbàgbé, orin àwọn ọlọ́jọ́ìbí á sì máa dún títí agogo 2 òru.

Ní ti mọ́tò n kò ní pẹ́: táyà, omi inú ẹ̀ńjìnnì, táyà àfikún, jáàkì. Ẹ kúrò nílé ní agogo 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má rin òru.

Oúnjẹ ni ká dúró lé lórí. Bí ìyá bá ń dáná ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ níbi ìsinmi, bàbá àti ọmọ nìkan ló lọ sinmi. Fún ènìyàn márùn-ún, ẹ se ọbẹ̀ ata díndín ní Ọjọ́bọ̀, ẹ dì í sínú ike mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fíríìsà, ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú omi dídì. Kò ní bàjẹ́ títí di Àbámẹ́ta. Kí ata náà gbẹ dáadáa kí epo yọ lójú rẹ̀. Omi inú ọbẹ̀ ló ń mú un kan. Mọ́ínmọ́ín ẹléwé mẹ́wàá, búrẹ́dì méjì, gàrí, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ojú ọ̀nà. Omi mímu, lítà méjì fún ẹnì kan lóòjọ́: ọgbọ̀n lítà fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn àpò píọ̀wọ́tà mẹ́ta. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ẹ ra iyán. Èkìtì lẹ wà. Kí ìyá ìjọ jẹ iyán tí ọwọ́ ẹlòmíràn gún. Nínú àpò oògùn, ẹ fi parasítámọ́ọ̀lù, oògùn ibà tí dókítà yín mọ̀ sí, oògùn ọmọ tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àpò kékeré mẹ́ta ìyẹ̀fun ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru), àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí a po ORS gẹ́gẹ́ bí ìwé ara rẹ̀ ti wí, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ àpò kékeré kan sí lítà omi kan. Ẹni tó bá pò ó mọ́ ife kan ti sọ ọ́ di ewu.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kì í dára. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ètò ti bàjẹ́. Bàbá á ní orí ń fọ́ òun, àwọn ọmọ á máa jà lórí ibùsùn, ìyá á dákẹ́. Ara tó ti ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, gbogbo ibi tó ń dùn ún ló wá ń ké. Ìdí nìyẹn tí òru kan kò fi lè tó. Nígbà tí Èlíjà sá wọ aginjù tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó sùn, wọ́n jí i, àkàrà lórí ẹ̀yinná àti omi nínú orù ń bẹ níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó tún sùn. Wọ́n tún jí i, ó tún jẹ. Hórébù tó lọ gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ṣì wà níwájú, ogójì ọjọ́. Nítorí náà ní alẹ́ Ẹtì, ẹ ka Sáàmù 121, ẹsẹ mẹ́jọ péré, kí ọmọ tó kéré jù gbàdúrà, kí gbogbo ilé ti sùn ní agogo 9.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ìsìn ìdílé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó má ju ogún lọ. Orin kan tí ọmọ yàn. Ọmọ kan ka ẹsẹ mẹ́fà sí méjìlá, ìtàn ni kó jẹ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ìbéèrè mẹ́ta: Kí lo rí? Kí ni kò yé ọ? Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe? Kí ìyá dáhùn, kí àwọn ọmọ dáhùn, kí bàbá dáhùn kẹ́yìn, ní gbólóhùn mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti máa ń nira fún wa. Ọmọ á sọ ohun tó wọ́, ẹnu á máa yún wa láti tún un ṣe, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ojú ọmọ á sì kú. Ẹ jẹ́ kó wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ṣì máa kọ́ wọn fún ọdún púpọ̀.

Àṣìṣe tó burú jùyẹn lọ ni fífi àdúrà na ọmọ. "Olúwa, fọwọ́ kan ẹni tó ń purọ́ nínú ilé yìí." "Baba, gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú." Ọmọ náà di ojú, kò lè fèsì, nítorí Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó kù tí kò jẹ́ ti bàbá nínú ilé yẹn ni àdúrà, bàbá sì ti gbà á fi ṣe pàṣán. Tí ẹ bá ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ ọmọ, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ bá a sọ ọ́ lójú. Nínú àdúrà, ẹ dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, omi. Lẹ́yìn omi, oorun ọ̀sán, gbogbo ilé. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, kí bàbá mú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan rìn, bí ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kan, kí ìyá sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ẹ má béèrè èsì ìdánwò. Ẹ béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ sí wọn nínú ìjọ. Ẹ ó gbọ́ gbólóhùn kan tó ń pa ọmọ wa lára lójoojúmọ́: "Ìwọ ọmọ pásítọ̀, o tún ń ṣe báyìí?" Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí. Kí ẹ ṣèlérí pé a kò ní sọ ọ́ mọ́ nínú ilé. Ọmọ gbọ́dọ̀ níbì kan tí ó ti jẹ́ ọmọ lásán.

Alẹ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti tọkọtaya, nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn. Wákàtí kan. Kí ọkọ béèrè, kó má sì gbèjà: Kí ló wúwo jù fún ọ nínú ohun tí ìjọ ń retí lọ́wọ́ rẹ? Kí ni mò ń fi sílẹ̀ fún ọ láti máa ṣe nítorí pé mo mọ̀ pé o kò ní kọ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin, tàbí àlejò ọjọ́ Àìkú tó ń jẹun nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí aya bá ń sọ̀rọ̀, kò sí "Ṣé o mọ̀ pé..." Kí ọkọ kọ ohun méjì sílẹ̀ tí yóò yí padà. Àṣírí ọmọ ìjọ kò sí nínú wákàtí yìí; ẹni tó wá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún pásítọ̀ kò sọ ọ́ fún aya pásítọ̀. Bí aya bá sì ni òjíṣẹ́, kí òun ni kó béèrè, kí ọkọ sọ tirẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú wá dé. Ẹ yan ìjọ kékeré kan ládùúgbò tí a kò ti mọ̀ yín. Ẹ wọ aṣọ lásán, kò sí kọ́là òjíṣẹ́, kò sí kóòtù tó ń kígbe. Bàbá, ẹ jókòó láàárín àwọn ọmọ, kì í ṣe ní ìjókòó iwájú. Nígbà tí wọ́n bá ní kí àlejò dìde, ẹ dìde, ẹ sọ orúkọ, ẹ ní "Èmi àti ìdílé mi wá jọ́sìn," ẹ jókòó. Bí ẹnì kan bá dá yín mọ̀ tó ní kí ẹ bọ́ síwájú, ẹ fi ẹ̀rín kọ̀, ẹ sọ pé ìdílé yín ni ẹ bá wá. Wọn ò ní bínú. Ẹ kọrin. Ẹ ṣí Bíbélì. Bí ìwàásù náà kò bá lágbára, ojú àwọn ọmọ wà lára yín ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an: ṣé bàbá ń wo aago, ṣé ó ń mi orí, tàbí ó ń gbọ́? Ní ọ̀nà ilé, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́, kí ẹ sọ ohun kan tí ẹ̀yin rí gbà. Ẹ má ṣàtúnṣe ìwàásù òjíṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ yín nínú ọkọ̀.

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí agogo 2 tó lù, kí ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi àwòrán sórí Facebook kí ẹ tó délé. Ẹni tó mọ̀ pé ilé ṣófo lè máa wò ó.

Bí ẹrù bá ti wọlé, kí pásítọ̀ jókòó pẹ̀lú ìwé kékeré kan fún ogún ìṣẹ́jú kí ìjọ tó gbé e mì. Ohun mẹ́ta ni kó kọ: iṣẹ́ kan tí òun yóò gbé fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú orúkọ ẹni náà, ohun kan tí òun ṣèlérí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́, àwọn ohun méjì tí aya sọ. Kí aya ka ìwé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ Ajé, ìjábọ̀ àwọn alàgbà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí ìgbaninímọ̀ràn kankan títí di Ìṣẹ́gun. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ní Àìkú tó tẹ̀lé e: ẹ má fi ohun tí ọmọ yín sọ létí omi ṣe àpèjúwe nínú ìwàásù. Bó ti wù kó bá ẹsẹ Bíbélì mu tó, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà, tó bá sì kọ̀, ẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí àga ìwàásù, kò ní sọ òmíràn fún yín mọ́.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn, láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ọba: kí ni kí pásítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù láti Ajé sí Ẹtì ṣe? Ní England, ọjọ́ Ajé ìsinmi ìjọba wà lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Karùn-ún, ó sì tún wà ní òpin oṣù Kẹjọ. Ẹ fi ọ̀kan nínú rẹ̀ mú òpin ọ̀sẹ̀ gùn sí i, kí ẹ sì tọrọ ìsinmi Ẹtì níbi iṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ìbéèrè kejì jẹ́ ti ẹni tí kò lówó rárá, tí ìjọ rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ. Òun náà lè ṣe é. Kó fi ìjọ lé ọwọ́ díákónì kan fún Àìkú kan ṣoṣo, kó pa fóònù, kí ìdílé sùn nílé ní Àbámẹ́ta láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn, kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ìjọ kan ní òdìkejì ìlú ní òwúrọ̀, kí bàbá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí èyí tó kéré jù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.